Ta Ni Ẹ̀gbọ́n Nínú Ọkọ̀ Ìràwọ̀?

Físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ìjẹ̀bú-Igbó, iṣẹ́ náà sì tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí pé kí ni mo ń fi ọjọ́ Sátidé mi ṣe láti bí ọdún mélòó kan, èsì mi kò ní jọ ti olùkọ́. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ń kọ òfin fún àwọn èèyàn tí a kò tíì bí, tí wọ́n máa gbé ibi tí ẹnikẹ́ni kò tíì fẹsẹ̀ tẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Eré kan wà tí kò nílò pátákó bíi ti lúdò tàbí ti dírááfù. Èèyàn bíi mẹ́rin á jókòó yí tábìlì ká. Ọ̀kan nínú wọn ni atọ́kùn. Òun ló ń sọ ibi tí ìtàn dé, ohun tí ojú ń rí, àti ẹni tó ń kanlẹ̀kùn. Àwọn tó kù, kálukú ló yan ẹni tó fẹ́ jẹ́ nínú ìtàn náà. Bí atọ́kùn bá wí pé, "Iná ọkọ̀ ti kú, nǹkan kan sì ń rìn lókè orí yín," ẹni tó jẹ́ mẹkáníìkì á sọ ohun tí òun máa ṣe, dókítà á sọ tirẹ̀, ọ̀gá ọkọ̀ á sọ tirẹ̀. Bí ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe bá ṣòro, wọ́n á ju dáìsì. Ìwé òfin ló ń sọ iye tó gbọ́dọ̀ jáde kí ó tó bọ́ sí i fún wọn. Ẹnikẹ́ni kì í borí ẹnì kejì níbẹ̀. Gbogbo wọn ni wọ́n jọ ń pìtàn.

Ìgbà tí mo wà ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè ni mo mọ eré yìí. Ọmọbìnrin kan tí a jọ ń gbé yàrá ló mú fọ́tòkọ́pì ìwé òfin kan wá láti Èkó, gbogbo rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. A ṣe é títí etí ìwé náà fi gbó. Ọ̀rẹ́ mi tí mo ń sọ yìí wà lára àwọn tó ń bá wa ṣe é. Jọ́gíráfì ló ń kọ́, ṣùgbọ́n àwòrán ló ń yà sí gbogbo ìwé rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí àwa mẹ́rin jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, tí ojú ọ̀run gbóná janjan, tí ìwé sì ní kí á wọ kóòtù nítorí pé yìnyín bo ayé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó ju bírò rẹ̀ sílẹ̀.

Ó ní, "Kí ló dé tí kò sí ará Ìjẹ̀bú kankan nínú gbogbo ìràwọ̀ yìí?"

Mo ní, "Bóyá wọn ò tíì rí ọjà tà níbẹ̀."

"Irọ́ ni. Bí ọ̀nà bá ti là débẹ̀, Ìjẹ̀bú á ti gba ṣọ́ọ̀bù."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn wa. Nígbà tí a parí ẹ̀kọ́, òun dúró ní Àgọ́-Ìwòyè, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù níbi tó ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe pósítà àti káàdì ìgbéyàwó. Èmi rí iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ibi méjèèjì kò jìnnà síra. Ọ̀kadà á gbé e wá bá mi ní Sátidé kan, Sátidé kejì èmi á lọ bá a. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ ìwé òfin eré tiwa nìyẹn, lédè Yorùbá.

Àwọn èèyàn inú ìwé wa jẹ́ àtọmọdọ́mọ àwọn ará etí ọ̀sà wa. Ọmọ ọmọ wọn ló kọ́ ọkọ̀, ló wọ inú òkùnkùn tó wà láàárín ìràwọ̀, ló lọ ń tajà láti ayé kan dé òmíràn. Ọ̀rẹ́ mi ya ọkọ̀ wọn ní imú gígùn bí ọkọ̀ àwọn apẹja. Èmi ni mo kọ òfin ilé ìdáná, nítorí pé ebi máa ń pa èèyàn lọ́nà jíjìn. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọkọ̀ tí gàrí bá tán nínú rẹ̀, dáìsì gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ á máa dínkù ní ẹyọ kan títí wọ́n á fi rí òmíràn rà.

Ọ̀rọ̀ lílò ló gbà wá lákòókò jù. A kọ́kọ́ kọ "ọkọ̀ òfurufú", ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí a kà á fún ló rò pé a fẹ́ lọ sí Àbújá. A wá pè é ní "ọkọ̀ ìràwọ̀". Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ràn ọ̀rọ̀ gígùn. Ó lè so ọ̀rọ̀ mẹ́fà pọ̀ láti fi dárúkọ ìbọ̀wọ́. Nítorí náà, mo dá ìdánwò kan sílẹ̀: kí ó ké ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tí iná ń jó. Bí ahọ́n rẹ̀ bá kọ́ níbẹ̀, a máa yọ ọ́. Ó ń pariwo nínú pálọ̀ mi ní gbogbo Sátidé tó bá wá, tí ìyá tó ń gbé ìsàlẹ̀ fi wá béèrè bóyá ara ọ̀rẹ́ mi yá.

Ohun mẹ́rin péré ni a fi ń mọ agbára ẹni tó wà nínú eré wa: Ọwọ́, Orí, Ojú àti Ẹnu. Ẹni tí Ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ lè jà, ó sì lè tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Orí ni ìmọ̀. Ojú ni kí èèyàn tètè rí ewu. Ẹnu ni kí èèyàn lè bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ kí ó gbà. Ó dá wa lójú pé Ẹnu kò ní fi bẹ́ẹ̀ wúlò, a sì kọ ìlà díẹ̀ nípa rẹ̀.

Ibi kan ṣoṣo tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi ti jà ni òfin ìrìn kíá. Ẹnikẹ́ni tó bá ka físíìsì mọ̀ pé ẹni tó bá ń sáré débi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìmọ́lẹ̀, aago rẹ̀ á máa lọ́ra ju ti ẹni tó dúró sílé. Ó lè lọ fún oṣù díẹ̀, kí ó padà wá bá àwọn tó fi sílẹ̀ pẹ̀lú irun funfun.

Ọ̀rẹ́ mi ní, "Fò ó. Eré ni à ń ṣe."

Mo ní, "Mi ò lè fò ó. Ní Mọ́ńdè, iwájú pátákó ni mo máa dúró sí, òun gan-an ni mo sì fẹ́ kọ́ wọn."

Ó gbà nígbà tó rí i pé mi ò ní gbà.

Ilé bàbá mi ní Atikori, àdúgbò kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ni a ti kọ́kọ́ gbìyànjú eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bàbá mi jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, Áńgílíkà pọ́ńbélé, ẹni tí kì í jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì bí wọ́n bá fi ìṣẹ́jú kan péré pẹ́ dé. Wọ́n á dúró lẹ́yìn títí orin á fi parí. Èmi ni atọ́kùn. Ọ̀rẹ́ mi wà níbẹ̀, àti olùkọ́ kẹ́místírì ilé ìwé wa, obìnrin tó máa ń rẹ́rìn-ín kí ọ̀rọ̀ tó parí. Ẹni kẹrin tí a ń retí kò wá. Bàbá mi ti ń wo ìwé òfin náà láti ìgbà tí a dé, wọ́n sì ti fi bírò pupa tún àmì ohùn ṣe dé ojú ewé kẹjọ.

Mo ní, "Bàbá, ẹ bá wa gba àyè yìí."

"Ṣé mo lè jẹ́ ọ̀gá?"

"Ẹ lè jẹ́ ẹ."

Wọ́n fa àga wọn sún mọ́ tábìlì kíá. Bàbá mi àti ọ̀rẹ́ mi yàn láti jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Bàbá mi ni ẹ̀gbọ́n. Ìtàn lọ dáadáa títí àìsàn fi bẹ́ sílẹ̀ ní ayé tí wọ́n ń gbé, tí ó di dandan kí ẹnì kan wọ ọkọ̀ tó yá jù lọ láti lọ wá oògùn. Ẹ̀gbọ́n ní òun ló máa lọ. Wọ́n lọ, wọ́n rí oògùn, wọ́n padà. Mo ṣí ìwé sí òfin ìrìn kíá, mo sì kéde pé lójú ẹ̀gbọ́n, oṣù díẹ̀ ló kọjá, ṣùgbọ́n nílé, ọdún ti gorí ọdún, àbúrò ti di bàbá àgbà.

Ọ̀rẹ́ mi fẹ̀yìn ti àga, ó tẹ orí sẹ́yìn bí arúgbó, ó na ọwọ́ rẹ̀ láti ìjókòó. Ó ní, "Káàbọ̀, ọmọ dáadáa."

Bàbá mi yọ awò ojú wọn.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Àwa méjèèjì wà nínú eré. Mo ti dàgbà jù yín lọ báyìí."

"Ìwọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn?"

Nínú eré ni wọ́n ti pọ̀n ọ́n. A ti sọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn pé ìyá wọn tètè kú. Olùkọ́ kẹ́místírì ti gbé ojú pamọ́ sínú ìbòrí rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì. Ọ̀rẹ́ mi ní egungun rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe òun. Ẹni tó ti ní ọmọ ọmọ kò lè dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀dọ́ tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣì dúdú. Bàbá mi ní irùngbọ̀n kò kan ọ̀rọ̀ náà. Aládùúgbò tó wá yá àkàbà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó dá sí i, ó gbàgbé àkàbà.

Bàbá mi fi ìka lu tábìlì. "Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ayé ni ẹ̀gbọ́n. Ó parí! Ìbáà lọ sínú oòrùn kó padà wá."

Ọ̀rẹ́ mi, tí kò mọ ohun tó ń fọwọ́ kàn, béèrè pẹ́lẹ́ pé, "Bàbá, bí a bá wá bí ẹni méjì níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ńkọ́, tí kò sí ẹni tó lè sọ èwo ló ṣáájú?"

Bàbá mi wo ojú fèrèsé. Wọ́n ní ó yẹ kí á wá nǹkan jẹ.

Èmi mọ ohun tó fà á. Bàbá mi ní arábìnrin kan ní Efire, ní etí ọ̀sà, ní ìjọba ìbílẹ̀ tí Abigi jẹ́ olú ìlú rẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ pè é ní arábìnrin ni, nítorí pé bí mo bá pè é ní ẹ̀gbọ́n wọn tàbí àbúrò wọn, ìjà ti dé. Màmá Efire ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ìyàwó méjì ni bàbá wọn fẹ́. Ọ̀kan bí bàbá mi ní Atikori. Èkejì ti lọ bá àwọn èèyàn rẹ̀ ní Efire láti lọ bímọ, ọ̀sẹ̀ kan náà ni òun náà sì bí Màmá. Omi kún lọ́dún náà, ẹni tí wọ́n rán kò tètè rí ọkọ̀ ojú omi wọ̀. Kí ìròyìn tó dé Atikori, wọ́n ti sọ bàbá mi lórúkọ. Bàbá wọn wá ka àwọn ọmọ rẹ̀ bí etí rẹ̀ ṣe gbọ́ ọ: èyí tí òun kọ́kọ́ gbọ́ ni ẹ̀gbọ́n. Àwọn ará Efire ní irọ́ ni, pé tiwọn ti ń mu ọyàn kí ti Atikori tó sunkún. Àwọn ìyá méjèèjì di ọ̀rọ̀ náà mú títí wọ́n fi lọ sùn, wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wọn.

Nítorí náà, bàbá mi àti Màmá Efire ní èdè tí kò sí ní ilé ẹlòmíràn. Wọn kì í pe ara wọn ní "o", nítorí pé inú á bí ẹnì kejì. Wọn kì í pe ara wọn ní "ẹ", nítorí pé ìyẹn ni kí èèyàn gbà pé òun ni àbúrò. "A" ni wọ́n ń lò. "Ṣé a jí dáadáa?" "A mà kú ọjọ́ mẹ́ta o." "Ṣé a ti lo oògùn ẹsẹ̀ wa?" Ó ti wà bẹ́ẹ̀ kí n tó dáyé, mo sì rò ní kékeré pé bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn ní gbogbo ilé nìyẹn.

Nígbà tí mo ròyìn èyí fún ọ̀rẹ́ mi lẹ́yìn tí a jẹun tán, ó dìde dúró.

"Físíìsì rẹ gan-an nìyẹn! Bí ìròyìn bá ṣe dé ọ̀dọ̀ kálukú, bí ó ṣe máa ka ohun tó ṣáájú nìyẹn. Efire ni ká gbé eré yìí lọ."

Mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ àti àkókò láti ọdún pípẹ́, tí kò sì wá sí mi lọ́kàn rí pé irú rẹ̀ wà ní ilé wa.

Nígbà ìsinmi gígùn, a palẹ̀ mọ́. Bàbá mi ní àwọn ò lọ, àwọn ní ìpàdé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a máa lọ, wọ́n ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú báàgì, wọ́n ń bi mí ìdí tí mo fi pẹ́. A wọ mọ́tò títí dé Abigi, ọ̀kadà sì gbé wa wọ Efire. Àwọ̀n wà lórí òpó káàkiri, òórùn èéfín ẹja gba gbogbo afẹ́fẹ́, ojúoró sì bo etí omi tí ẹ ò fi ní mọ ibi tí ilẹ̀ parí sí. Màmá ń yí ẹja padà lórí ààrò. Aládùúrà ni wọ́n. Ṣẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n ti àdúrà dé, wọ́n sì ti ká ọwọ́ sùtánà funfun wọn sókè dé ìgbọ̀nwọ́.

Wọ́n rí bàbá mi, wọ́n nu ọwọ́. "A mà dé o."

Bàbá mi ní, "A dé. Ṣé a ń gbádùn?"

"A ń gbádùn. A ti rù díẹ̀ o."

"Àwa kọ́. Àwa náà wo ara wa dáadáa."

Ọ̀rẹ́ mi wo èmi, ó wo ilẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́.

Ìkọ́kọrẹ́ tí Màmá fi ẹja tútù àti ẹja yíyan sè fún wa, mi ò tíì jẹ irú rẹ̀ rí. Lẹ́yìn rẹ̀, a tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ṣàlàyé eré. Màmá gbọ́ ọ títí, wọ́n gba ìwé òfin, wọ́n kà á díẹ̀ lóhùn òkè, wọ́n sì dáwọ́ dúró.

"Kí ló dé tí gbogbo ará ìràwọ̀ yìí ń sọ èdè Ọ̀yọ́? Ṣé kò sí ẹni tó ń lọ 'ulé' níbẹ̀? 'Ilé, ilé' ni gbogbo wọn."

Mo ní kí á lè rí i kà níbi gbogbo ni. Wọ́n ní kí n rí i pé ó kéré tán, ọkọ̀ kan á wà tí wọ́n á ti máa sọ ọ̀rọ̀ bí èèyàn gidi. Mo ṣe ìlérí. Ọkọ̀ náà wà nínú ìwé lónìí, "Ulé Kan" ni orúkọ rẹ̀.

Ó wá kan kí wọ́n yan ẹni tí wọ́n máa jẹ́. Kálukú ló ní àmì agbára tó máa pín sí Ọwọ́, Orí, Ojú àti Ẹnu. Màmá kó gbogbo tiwọn sí Ẹnu. Mo kìlọ̀ fún wọn pé Ọwọ́ wọn kò ní lè gbé àpótí. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá ní ẹnu, wọ́n á bá a gbé àpótí." Bàbá mi kó tiwọn sí Ọwọ́. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi sọ pé kí wọ́n jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, tí ó béèrè ta ni ẹ̀gbọ́n, àwọn méjèèjì gbájú mọ́ adìẹ kan tó ń kọjá lórí ẹní wa. Mo ní kí wọ́n ju dáìsì, kí ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀ jù jẹ́ ẹ̀gbọ́n. Ti bàbá mi jáde ní méjì. Ti Màmá, márùn-ún. Màmá tún gèlè wọn wé.

Kò pẹ́ tí ọkọ̀ wọn gbéra tí àwọn àjèjì láti ìràwọ̀ kan fi dí wọn lọ́nà, tí wọ́n fẹ́ gba gbogbo ẹrù. Bàbá mi ti gbá dáìsì mú láti jà.

Màmá gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ ní sùúrù. Àwọn tó dí wa lọ́nà yìí, ṣé wọ́n ti jẹun?"

Mo wo ìwé. Kò sí òfin fún un. Mo ní, "Wọn ò tíì jẹun, Màmá. Ó ti pẹ́."

"Ẹni tí ebi ń pa ni wọ́n. Ẹ bá mi ké sí àgbà inú wọn."

Wọ́n bá àgbà inú wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n bi í nípa àwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n fi ọkọ̀ tó rì nínú ọ̀sà pa á lówe, wọ́n fún un ní ẹja. Èmi ni mo ń fèsì fún àgbà náà, mo sì rí i pé mo ti ń sọ "ẹ ṣé, Màmá" láì mọ̀ ọ́n mọ̀. A ju dáìsì, Ẹnu wọn borí. Àwọn ọlọ́ṣà náà ló sin ọkọ̀ wọn dé ibi tó ń lọ. Ọ̀rẹ́ mi ń yára kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni orí ìwé tí a pè ní "Ẹ̀bẹ̀" ti wá, òun sì ni orí tó gùn jù nínú ìwé wa báyìí.

Nígbà tó yá, wọ́n nílò ẹni tó máa wọ ọkọ̀ kíá. Màmá ní àwọn ló máa lọ, nítorí pé àwọn ni ẹ̀gbọ́n. Bàbá mi dúró ṣọ́ ilé. Ọkọ̀ lọ, ó bọ̀. Mo gba ẹ̀mí sínú, mo ní:

"Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí. Màmá, bí ẹ ṣe kúrò nílé ni ẹ ṣe rí. Ọkùnrin arúgbó kan wà níwájú yín, ó di ọ̀pá mú. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ ló ti ń wá sí èbúté yìí. Àbúrò yín ni."

Mo rí i tí bàbá mi ń rò ó. Òfin tiwọn fúnra wọn ló dè wọ́n: ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ayé ni ẹ̀gbọ́n, ó parí. Wọ́n fi ọwọ́ ti ilẹ̀, wọ́n dìde. Wọ́n wá rọra tẹ̀, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n, títí ọwọ́ wọn fi kan ẹní.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀. Ẹ kú ìrìn àjò."

Ẹnu Màmá là sílẹ̀. Mi ò gbọ́ ọ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi pé bàbá mi pè wọ́n ní "ẹ". Màmá kò dúró kí ó tutù. Wọ́n kúnlẹ̀ gbìì níwájú bàbá mi.

"Ẹ̀yin tí ẹ ṣọ́ ilé, ẹ kú ilé. Ẹ ti dàgbà jù mí lọ. Ẹ dìde."

"Ẹ̀yin ni kí ẹ dìde."

"Ẹ ṣáájú, mo bẹ̀ yín."

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ni ẹ̀gbọ́n."

Ẹ̀rín pa wọ́n níbẹ̀, ẹ̀rín tó ń mú omi jáde lójú, àwọn méjèèjì kò sì lè dìde mọ́. Èmi di bàbá mi mú, ọ̀rẹ́ mi di Màmá mú, a gbé wọn. Nígbà tí wọ́n jókòó tán, Màmá nu ojú wọn, wọ́n béèrè pé, "Ṣé eré ni èyí tí a ṣe yẹn, àbí òótọ́?"

Bàbá mi ní, "Eré ni. Dáìsì ló sọ bẹ́ẹ̀."

Màmá ní, "Dáìsì ò gba rìbá."

Ní ọjọ́ kejì, kí a tó kúrò ní Efire, èmi àti ọ̀rẹ́ mi ti kọ òfin náà. Ẹni tó lọ àti ẹni tó dúró, "ẹ" ni kí wọ́n máa pe ara wọn. Nígbà tí wọ́n bá pàdé lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀, èyí tó bá kọ́kọ́ tẹríba nínú àwọn méjèèjì ló máa gba àmì Ẹnu kan sí i. A ti rí àwọn tó ń ṣeré náà tí wọ́n ń sáré wólẹ̀ fún ara wọn tí tábìlì fi ń mì.

Nínú mọ́tò, lẹ́yìn tí a kọjá Abigi dáadáa, bàbá mi fi ẹnu sún mọ́ etí mi.

"Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló ṣáájú o. Ṣùgbọ́n má kọ ìyẹn sínú ìwé."

Mi ò kọ ọ́ sínú ìwé òfin. Mo ti sọ fún wọn pé mo fẹ́ kọ ọ́ síbí yìí, wọ́n sì ní kí n ṣáà fi àmì ohùn sí i.

Ẹ má rò pé ìjà ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ti parí nílé wa. Ó kàn ti yíjú sí ibòmíràn ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò lè pa wọ́n, kálukú ti rí èrè tó wà nínú kí òun jẹ́ àbúrò. Màmá á pe fóònù: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò fi iṣu tuntun ránṣẹ́ sí àbúrò yín." Bàbá mi á ní, "Ẹ̀yin ni ẹ̀gbọ́n, ẹja dà?" Iṣu ń lọ, ẹja ń bọ̀, ìdílé méjèèjì ń jẹun.

Ọ̀rẹ́ mi parí àwòrán rẹ̀ kí ọdún tó tẹ̀ lé e tó jìnnà. A tẹ ìwé díẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè, ó rán ẹ̀yìn wọn fúnra rẹ̀, ó sì kó wọn sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì ìgbéyàwó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló kọ́kọ́ rà á, wọ́n ní kí àwọn fi rẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ kejì wọ́n wá bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí àwọn lo tábìlì iwájú ṣọ́ọ̀bù.

Mo yà síbẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé kan. Wọn kò mọ̀ mí. Ọmọbìnrin kan ni atọ́kùn, ohùn rẹ̀ lọ sókè sódò bí ẹni tó ti ń ṣe é láti kékeré. Ó ń júwe ayé kan fún wọn tí mi ò kọ rí, tí ọ̀rẹ́ mi kò yà rí: òṣùpá méjì, erùpẹ̀ pupa, òjò tó ń rọ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Mo dúró bí ẹni tó fẹ́ ra káàdì, mo ń gbọ́. Ọ̀kan nínú wọn ní òun fẹ́ mú ewúrẹ́ wọ inú ọkọ̀. Èkejì ní kò sí nínú òfin. Wọ́n ṣí ìwé, wọ́n wá a síwá sẹ́yìn, wọn kò rí i. Ọ̀rẹ́ mi tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀ naka sí mi, ó ní, "Ẹ bi àǹtí yẹn. Àwọn ló kọ ọ́."

Gbogbo wọn yíjú sí mi, wọ́n dìde, wọ́n kí mi. Mo ní kí wọ́n jókòó.

"Àǹtí, ṣé ewúrẹ́ lè wọ ọkọ̀ ìràwọ̀?"

Mo ní, "Ta ló máa kó ìgbẹ́ rẹ̀?"

Ariwo ta. Ọmọbìnrin atọ́kùn ní kí wọ́n ju dáìsì láti mọ ẹni tó máa kó o. Ẹni tó mú ewúrẹ́ wá ló bọ́ sí lọ́wọ́. Mo fa àga kan, mo bá wọn jókòó.